Àṣẹ Kan, Kọ̀ǹpútà Méjì

“Kà á kí n gbọ́,” ni Alámọ̀tán wí lórí fóònù. “Má fo ìkankan o. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yẹ̀, òfo ló máa já sí.”

Àbíkẹ́yìn gbé káàdì náà súnmọ́ ojú. Káàdì pélébé kan ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, wọ́n pín wọn ní márùn-ún márùn-ún. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì bàbá rẹ̀ ló ti mú un, lábẹ́ rúlà àti àwọn pẹ́ńsù. Bàbá rẹ̀ ti jáde láti àárọ̀, ó lọ wọn ilẹ̀ kan. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn: àwòrán ilé ló ń yà fún àwọn tó bá fẹ́ kọ́lé, orí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà nínú pálọ̀ ló sì ti ń yà á.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà níwájú Àbíkẹ́yìn ní tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló lò ó kù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́ kò ní àṣẹ. Ẹnì kan ló da ètò náà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáá, ilé iṣẹ́ tó ni ètò kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ọdún méjì ni Àbíkẹ́yìn ti ń lò ó bẹ́ẹ̀, kò dí i lọ́wọ́ ohunkóhun, àfi lọ́sẹ̀ yìí.

Ìdánwò tó máa gbé e wọ iléèwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń bọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé ni oníkálukú á ti ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà tó wà lára kọ̀ǹpútà náà á sì máa wò wọ́n kí wọ́n má baà jíwèé wò. Iléèwé náà fi ètò kékeré kan ránṣẹ́ pé kí olúkúlùkù kọ́kọ́ fi dán kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò. Àbíkẹ́yìn dán tirẹ̀ wò, ohun tó sì rí kà ni pé: “A kò lè gba kọ̀ǹpútà yìí. Kò ní àṣẹ.” Ti bàbá rẹ̀ ní àṣẹ, nọ́ńbà àṣẹ náà ló wà lára káàdì yẹn, àmọ́ kọ̀ǹpútà náà kò ní kámẹ́rà.

“Ṣé kò ní ba ti bàbá mi jẹ́?” ló béèrè.

“Kí ló fẹ́ bà jẹ́ níbẹ̀?” Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Alámọ̀tán, àwọn olùkọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, inú rẹ̀ sì máa ń dùn bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀. “Àṣẹ inú páálí ni tiwọn. Èyí tó bá bá kọ̀ǹpútà wá látilẹ̀ ni kì í kúrò lára ẹ̀, òun àti kọ̀ǹpútà ló jọ ń kú. Àmọ́ èyí téèyàn bá rà lọ́tọ̀ ṣeé gbé látorí ọ̀kan lọ sórí òmíràn. Mo kà á.”

“Jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.”

“Béèrè kẹ̀? Kí wọ́n wá ní rárá? Kọ̀ǹpútà tí bàbá ẹ fúnra wọn ń pè ní arúgbó. Ta ló máa mọ̀?”

Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ ń yá gágá bí ẹni tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn ohun tí kò ní kan òun. Òótọ́ sì ni Alámọ̀tán sọ, àṣẹ inú páálí ṣeé gbé. Ìdajì tó mọ̀ nìyẹn. Ìdajì tó kù ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lórí ti àkọ́kọ́ kó tó gbé e sórí èkejì, torí àṣẹ kan kì í gbé ilé méjì. Alámọ̀tán kò kà á débẹ̀.

Àbíkẹ́yìn tẹ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà náà ronú díẹ̀, ó ní àṣẹ ti wọlé. Ó tún ètò iléèwé náà ṣí, ó dán an wò: “A gba kọ̀ǹpútà yìí.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló dá káàdì padà sábẹ́ rúlà, ó sì rí i dájú pé ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀ náà ló kọjú sí. Ẹni tí kò ṣe nǹkan burúkú kì í yẹ ibi tí káàdì kọjú sí wò, àmọ́ kò rò ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta tí í ṣe Jímọ̀, bí ó ṣe ń ti iléèwé wọlé ló bá bàbá rẹ̀ tó kawọ́ gbera níwájú kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ní igun ìsàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Àṣẹ kọ̀ǹpútà yìí kò múlẹ̀ mọ́. Yóò máa pa ara rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Àwòrán àgbékà ilé kan tí mo ti yà dé ìdajì, ó gbé e mì. Ìyá mi, ṣé o fọwọ́ kan nǹkan níbí?”

Ìyá mi ló máa ń pè é, torí pé ojú ìyá rẹ̀ àgbà ló jọ.

“Rárá, sà,” ni Àbíkẹ́yìn dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ mi orí. “Mo mọ̀. Mo kàn ń béèrè ni. Dókítà á wá wò ó lọ́la.”

Dókítà kì í ṣe dókítà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó máa ń dẹ etí sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kó tó ṣí i, bí ẹni ń gbọ́ mímí aláìsàn, ìyẹn làwọn èèyàn ṣe sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń bá bàbá Àbíkẹ́yìn tọ́jú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ kú, òun ló gbé àṣẹ kúrò lórí rẹ̀ sórí èyí. Òun náà ló kọ́ Àbíkẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé láì wo ọwọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tíì kan ilẹ̀ lórí àga.

Àárọ̀ Sátidé ló dé. Tábìlì bàbá Àbíkẹ́yìn súnmọ́ ilẹ̀kùn débi pé kò sí ẹni tó lè jáde nílé láì fara kan ẹ̀yìn àga rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga, Dókítà dúró tì í, Àbíkẹ́yìn sì wà lórí àga gígùn lẹ́yìn wọn. Ó fẹ́ jáde, kò rọ́nà. Ó ṣí ìwé kan lé itan, kò ka ìlà kan níbẹ̀.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lọ, yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀. “Kò séwu, sà,” ló wí. “Ó kàn fẹ́ ká jẹ́rìí ara wa ni. Ẹ jẹ́ ká pe ilé iṣẹ́ wọn.”

Ó pe nọ́ńbà náà lórí fóònù bàbá, ó sì jẹ́ kí ohùn jáde síta kí gbogbo wọn lè máa gbọ́. Ohùn obìnrin kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló dáhùn. Ó kí wọn, ó gba nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ó wá béèrè pé: “Kọ̀ǹpútà mélòó ni àṣẹ yìí wà lórí rẹ̀ báyìí? Ẹ tẹ iye rẹ̀.”

“Ẹ tẹ oókan, sà.”

Bàbá tẹ oókan. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó mọ̀ ló tẹ̀. Àbíkẹ́yìn nìkan ló mọ̀ nínú pálọ̀ yẹn pé éjì ni ìdáhùn.

“Ẹ má bínú,” ni ohùn náà wí. “Àkọsílẹ̀ wa fi hàn pé àṣẹ yìí wà lórí kọ̀ǹpútà méjì. A kò lè tẹ̀ síwájú.”

Dókítà ní kò yé òun. Ó tún un pè. Obìnrin náà tún kí wọn bí ẹni tí kò rí wọn rí, ó tún béèrè ìbéèrè rẹ̀, ó sì tún sọ ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Àbíkẹ́yìn gbé fóònù lé tábìlì. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo. Bí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, ó sì ti lọ sílẹ̀ gan-an báyìí.

“Dókítà, lẹ́yìn èmi, ta ló mọ nọ́ńbà yìí?”

“Èmi ni, sà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ wọlé nígbà yẹn.”

“Ta ló tún mọ̀ ọ́n?”

“Mi ò mọ̀, sà. Àmọ́ mi ò gbé e fún ẹnì kankan. Ẹ wo ọdún mẹ́jọ, sà.”

“Ọdún mẹ́jọ náà ni mò ń wò.”

Dókítà wo yíká pálọ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára Àbíkẹ́yìn, ó dúró níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, ó sì tún pa á dé. Ta ló máa dúró sínú pálọ̀ oníbàárà rẹ̀ kó wá nàka sí ọmọ bíbí inú rẹ̀?

“Mo ti gbọ́, sà,” ló wí níkẹyìn.

“Má dààmú láti wá mọ́,” ni bàbá wí. “A ó wá ẹlòmíràn.”

Dókítà kó súkúrúdíráfà rẹ̀ sínú àpò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ̀gbẹ́ kọjá lẹ́yìn àga, ó dágbére, ó lọ. Àbíkẹ́yìn gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi délẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kúrú, kò sì wúwo láti gbé jáde. Àmọ́ bó bá sọ ọ́, wọ́n á yọ àṣẹ kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì lọ nìyẹn. Ó bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé bí òun bá ti ṣe ìdánwò tán, òun á jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Kí ló lè ṣe ọkùnrin náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan?

Ohun tó lè ṣe é pọ̀. Bàbá Àbíkẹ́yìn kì í ṣe olófòófó, àmọ́ bí wọ́n bá bi í, kì í fi òótọ́ pamọ́, ohun tó rò pé òótọ́ ni. Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Ọ̀gá pàdé rẹ̀ lójú pópó. Òun ni ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní òpópónà wọn, ó sì ti fẹ́ gbé ìtọ́jú kọ̀ǹpútà méjìlá tó wà níléèwé rẹ̀ fún Dókítà. Ó béèrè bóyá ọkùnrin náà ṣeé fọkàn tán.

“Mi ò ní kí ẹ má gbé e fún un,” ni bàbá fèsì. “Ohun tójú mi rí ni màá sọ.” Ó sì sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà dé etí Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn, ó sì lọ gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Dókítà láìjẹ́ pé ó ti tún un ṣe tán. Ó ní òun ò fẹ́ ká máa fi àṣẹ òun ṣòwò kiri.

Ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Àbíkẹ́yìn ń gbà lọ sí iléèwé. Ọ̀nà mìíràn wà lóòótọ́, àmọ́ ó jìn, ó sì máa ń jẹ́ kó pẹ́ dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gba ọ̀nà jíjìn. Wọ́n jẹ ẹ́ níyà pé ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, òjò ń ṣú, kò sí bó ṣe lè yí ká, ló bá sorí kodò, ó ń yára kọjá lọ.

“Àbíkẹ́yìn.”

Dókítà jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí kọ̀ǹpútà níwájú ọkùnrin yìí ṣọ̀wọ́n.

“Ẹ káàsán, Bọ̀dá Dókítà.”

“Sátidé yìí ni ìdánwò ẹ, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Tẹra mọ́ ọn o. Wàá yege.”

Ká ní ó bú u ni, ì bá tù ú lára. Àbíkẹ́yìn dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tó délé, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́. Ó pe Alámọ̀tán, ó ro gbogbo ẹ̀ fún un, ó ní òun fẹ́ sọ ọ́. Alámọ̀tán tó mọ gbogbo nǹkan lọ́sẹ̀ tó kọjá kò mọ nǹkan kan mọ́. “Tó o bá máa sọ ọ́, má dárúkọ mi o,” ló wí. “Èmi ò sí níbẹ̀. Orí fóònù ni mo wà.”

Ìgbà yẹn ni Àbíkẹ́yìn wá rò ó pé ó kúkú lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀. Kọ̀ǹpútà bàbá á yá, inú bàbá á rọ̀, wọ́n á gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, Dókítà á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni yóò pàdánù. Lójú rẹ̀, ìyẹn tó ìjìyà.

Ní Ọjọ́rú tí wọ́n tètè jáde níléèwé, tí bàbá rẹ̀ sì wà níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ó jókòó, ó ka gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ náà kọ nípa àṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yọ àṣẹ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wá jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó pe nọ́ńbà náà. Obìnrin inú fóònù kí i.

“Kọ̀ǹpútà mélòó ni àṣẹ yìí wà lórí rẹ̀ báyìí?”

Ó tẹ oókan. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.

“A ó dá a padà fún yín. Ẹ kò ní lè gbé àṣẹ yìí lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ oókan.”

Ìka rẹ̀ dúró lókè. Sátidé ku ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Ó wo ẹ̀yìn odindi ọdún kan tó fi ń kàwé, àwọn ìwé tó tò lé orí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì rántí ọkùnrin tó gbọ́wọ́ lé orúnkún. Ó tẹ̀ ẹ́. Dúdú náà ká kúrò lójú kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, àwọ̀ búlúù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì padà. Àbíkẹ́yìn sunkún díẹ̀, ó bọ́jú. Àyà rẹ̀ fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀.

Aago márùn-ún ni bàbá rẹ̀ wọlé. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún un wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìyá mi, wá wo nǹkan. Ó ti dá a padà.”

“Ta ni, sà?”

“Dókítà ni. Ta tún ni? Ó ti gbọ́ pé Ìyá Ọ̀gá ò gbéṣẹ́ fún òun mọ́, ẹ̀rù ti bà á, ó ti sáré lọ yọ ọ́ kúrò níbi tó gbé e sí.” Ó na ọwọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. “Bí kò bá jẹ́ òun, ta ló tún un ṣe? Kọ̀ǹpútà kì í ronú pìwà dà.”

Bàbá rẹ̀ jókòó, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀. “Kí n má parọ́ fún ẹ, ọkàn mi ò balẹ̀ látijọ́ yẹn. Mo ń sọ fún ara mi pé, bóyá mo ṣi ọkùnrin yìí lóye. Mo tiẹ̀ fẹ́ lọ bá a lọ́la ká tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Àmọ́ ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti yé mi.” Ó gbé fóònù, ó pe Ìyá Ọ̀gá. “Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ jẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti dá a padà wọ́ọ́rọ́wọ́.”

A ò rí irú èyí rí. Ọmọ tó fi ìdánwò rẹ̀ tún nǹkan ṣe, nǹkan tó tún ṣe náà ló wá di ẹlẹ́rìí tó ń ta ko aláìṣẹ̀. Àbíkẹ́yìn dúró lẹ́yìn àga náà, ògiri lẹ́yìn, bàbá níwájú. Bó bá dákẹ́ báyìí, kò ní sí Sátidé kankan tó tún máa rọrùn láti sọ ọ́. Àwọn èèyàn á kàn máa pe Dókítà lólè títí, òun á sì máa gba ẹnu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá.

“Bàbá mi,” ló wí, “kì í ṣe òun. Èmi ni.”

Bàbá rẹ̀ yí padà. Àbíkẹ́yìn ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látorí káàdì dórí ìdánwò, ọ̀sán òní àti obìnrin inú fóònù. Kò dárúkọ Alámọ̀tán, kì í ṣe nítorí pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, ọwọ́ tirẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ̀ gbé fóònù lé tábìlì. “Mo bi ẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo parọ́ fún yín.”

“Torí pé mo gbà ẹ́ gbọ́ ni mi ò ṣe gba Dókítà gbọ́.” Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jìnnà. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó dìde. “Wọ bàtà ẹ.”

Dókítà ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Bàbá ò jẹ́ kó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n wá ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin tí òun fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù lọ, níbẹ̀ ní etí títì. “Mo ṣẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Má bínú. Ọmọ mi ló wà nídìí ẹ̀, èmi ni mo sì fi ẹnu mi tà á kiri.”

“Ẹ dìde, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.” Dókítà gbé e dìde. Ó wá kọjú sí Àbíkẹ́yìn tó kúnlẹ̀. “Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ojú ẹ. Mò ń retí pé wàá sọ̀rọ̀.”

Àbíkẹ́yìn ò lè gbójú sókè.

“Kọ̀ǹpútà méjì wà lórí pẹpẹ yẹn,” ni Dókítà wí, ó tọ́ka sí inú ṣọ́ọ̀bù. “Wọ́n ní kámẹ́rà, wọ́n láṣẹ. Àwọn ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò ni mo máa ń yá wọn fún. Ká ní o béèrè lọ́wọ́ mi ni.” Kò sọ pé kó wá mú ọ̀kan. Àbíkẹ́yìn náà ò béèrè. Ohun kan wà téèyàn kò lè ní ojú láti tọrọ.

“Kí la fẹ́ ṣe báyìí?” ni bàbá béèrè. “Màá pe Ìyá Ọ̀gá—”

“Ẹ má pè é, sà. Bí ẹ bá pè é, á ní ẹ ṣàánú mi ni. Bó bá sì jẹ́ èmi ni mò ń lọ láti ojúlé dé ojúlé tí mò ń sọ pé mi ò jalè, olè gan-an ni màá jọ.” Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. “Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ sọ ọ́.”

Ní Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀, kò bá Nọ́ọ̀sì tàbí Ìyá Ọ̀gá nílé lẹ́yìn iléèwé. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé láago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó síwájú kámẹ́rà, ilẹ̀kùn Nọ́ọ̀sì ni Àbíkẹ́yìn ń kàn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun á gbé kọ̀ǹpútà náà padà lọ́jọ́ Ajé, bí Dókítà bá ṣì máa gbà á. Ìyẹn rọrùn ju bí Àbíkẹ́yìn ṣe rò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá kó tó di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ á ti tán nílẹ̀.

Ìyá Ọ̀gá ń bomi rin òdòdó ní iwájú ilé rẹ̀. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ dópin, kò dá a lọ́nà. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ìyá náà gbé ike omi sílẹ̀.

“O ṣe dáadáa tó o wá,” ló wí. “Ó nira, mo mọ̀. Àmọ́ mo ti gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn láti Ọjọ́bọ̀, mi ò sì lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mo ti sọ fún ẹni mẹ́rin.”

“Ẹni mẹ́rin, mà?”

“Àwọn ọ̀gá iléèwé tá a jọ ń ṣèpàdé ni. Mo rò pé mò ń gbà wọ́n lọ́wọ́ olè.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi kọ ibi tí wọ́n wà sílẹ̀. Màá lọ bá wọn.”

Ìyá Ọ̀gá wọlé, ó mú bébà jáde, ó kọ ojúlé mẹ́ta síbẹ̀. Nígbà tó kan ẹnì kẹrin, ó dá bírò dúró. “Èyí ti ṣí kúrò nílùú lánàá. Wọ́n gbé e lọ sí iléèwé mìíràn. Mi ò mọ ibi tó wà, mi ò sì mọ iye èèyàn tí òun náà ti sọ ọ́ fún.”

Àbíkẹ́yìn dúró pẹ̀lú bébà náà lọ́wọ́. Ó rántí bó ṣe yọ àṣẹ kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan tó sì dá a padà sórí èkejì, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì sí àpá kankan níbẹ̀. Ó wá yé e pé orúkọ èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun téèyàn bá bà jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, kò ṣeé tún ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ọjọ́ téèyàn bá sì fi òótọ́ falẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a jẹ ìyà ọjọ́ náà. Ká ní ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ sọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta tó wà nínú pálọ̀.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀gá, ó sì gba ọ̀nà ojúlé àkọ́kọ́ lọ.